Afẹ́fẹ́ Kọ́ Ló Wó Ògiri Náà

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì títí ó fi di egbò nínú mi, ṣùgbọ́n mi ò ní gbé e wọ sàréè. Ọkùnrin kan kú sábẹ́ ògiri kọnkéré níbi iṣẹ́ tí èmi jẹ́ fọ́ọ̀mánù rẹ̀. Gbogbo ayé gbà pé afẹ́fẹ́ ló wó ògiri náà, àti pé ẹni tó yẹ kó de bóòtì ọ̀pá irin tó gbé e ró ni kò dè é le. Wọ́n lu ẹni yẹn, wọ́n fọ́ ojú rẹ̀ kan, wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Irọ́ ni. Èmi ni mo wó ògiri náà. Mo wó o lu ọkọ àbúrò mi obìnrin, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ kedere nígbà tí mò ń ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí n má fi iyọ̀ sí i, kí n má sì bu omi là á. Dókítà ní eruku símẹ́ńtì ti di ẹ̀dọ̀fóró mi pa, kò sì sí oògùn tó lè fọ̀ ọ́. Kò sóhun tó kù tí mò ń bẹ̀rù mọ́, àfi kí n kú kí n tó sọ ọ́ tán.

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ìkọ́lé rí lè máa rò pé ní ìdúró ni wọ́n ti ń mọ gbogbo ògiri. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Búlọ́ọ̀kù ni mo kọ́kọ́ ń rù. Àtàrí mi á bó, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn bọ̀ sétí mi, ọ̀gá mi á ní kí n nù ún kó má baà kán sára búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá fọ́ ọ̀kan, pákó ni yóò fi gbá mi lẹ́yìn. Mi ò gbàgbé ìkankan nínú àwọn pákó yẹn. Èyí tó ní ìṣó lórí, mo mọ ibi tó bà lára mi di òní. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà tuntun dé. A ò to búlọ́ọ̀kù mọ́. A ó kọ́kọ́ da kọnkéré ilẹ̀ ilé, a ó jẹ́ kó gbẹ, a ó fọ́n epo sí i, a ó wá fi pákó gbá ààlà sórí rẹ̀, a ó to irin sínú ààlà náà, a ó sì da kọnkéré lé e. Ohun tó sùn gbalaja sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, ògiri ni. Bó bá gbó tán, kéréènì á fi ìkọ́ mú un, á gbé orí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń gbé aláìsàn dìde, títí yóò fi dúró ṣánṣán lórí ìpìlẹ̀ rẹ̀. Kí òrùlé tó dé tí yóò so gbogbo ògiri pọ̀, kò sóhun tó di ògiri bẹ́ẹ̀ mú ju àwọn ọ̀pá irin gígùn tí a fi tì í láti inú ilé, tí a fi bóòtì kan orí wọn mọ́ ògiri, tí a sì fi bóòtì kan ìdí wọn mọ́ ilẹ̀. Ọ̀pá ìgbéró là ń pè é. Ẹ fi ọkàn sí ọ̀pá yìí, torí òun ni mo fi pànìyàn. Ohun méjì ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ gbogbo ẹni tó bá wọ iṣẹ́ náà létí: epo ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ṣí, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ògiri á lẹ̀ mọ́ ilẹ̀, kò ní dìde, bóòtì ọ̀pá kò sì gbọ́dọ̀ dẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ èyí tó ti dìde á padà sùn.

Ilé ìkẹ́rù nìkan la fi ọ̀nà yìí kọ́ níbẹ̀rẹ̀. Àpótí lásán ni, ògiri mẹ́rin tí kò lójú, tí kò nímú. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n kọ́ jù. Mo ti lọ kọ́ ìwé nílé ẹ̀kọ́ alẹ́, mo mọ bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilé, wọ́n sì fi mí ṣe fọ́ọ̀mánù. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀; ọwọ́ ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá dúró síbi tí ògiri lè wó sí, àbàrá ni mo fi ń gbé e kúrò. Mo yọ eyín ẹnì kan nítorí pé ó wọ abẹ́ ògiri tó wà lókè, ó fẹ́ mú fìlà rẹ̀. Wọ́n yìn mí fún un. Ẹnjiníà ní látìgbà tí mo ti di fọ́ọ̀mánù, kò sẹ́ni tó kú lábẹ́ mi. Báyìí ni ìwà ipá ṣe di ọgbọ́n lójú mi. Mo rò pé ẹni tó bá lu èèyàn kí èèyàn má baà kú, olùgbàlà ni. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ tó bá ti mọ́ èèyàn-lílù lára kì í bi olówó rẹ̀ léèrè ìdí kó tó gbéra.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ń yí padà, èmi ò yí. Àwọn ayàwòrán ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wo ògiri wa tó sùn sílẹ̀, wọ́n sì rí ohun tí èmi ò rí. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tí ojú ògiri bá dojú kọlẹ̀, ohunkóhun tí a bá kọ́kọ́ tẹ́ sílẹ̀ ni yóò hàn lójú rẹ̀ nígbà tó bá dìde. Bí a bá tẹ́ okùn, àpá okùn á wà níbẹ̀. Bí a bá da òkúta aláwọ̀ síbẹ̀, ògiri á gbé e jáde bí ẹni wọ ìlẹ̀kẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í fi fèrèsé sí i. A gbé e ga tó ilé alájà méjì, a gbé e ga tó alájà mẹ́ta. A ń fi ohun fúyẹ́fúyẹ́ sáàárín kọnkéré méjì kí ooru má baà wọlé. A tiẹ̀ da èyí tó tẹ̀ bí ọrun ọdẹ. Ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ilé ẹrù di ọ̀nà tí a fi ń kọ́ ilé ìwé, ilé ìwòsàn, ilé ìjọsìn. Àwọn tó ń kọjá á dúró lójú títì, wọ́n á máa wò ó. Kò sẹ́ni tó dúró wo ilé ìkẹ́rù mi rí.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà yìí jù nínú wa ni ọkọ àbúrò mi. Èmi fúnra mi ni mo mú un wọ iṣẹ́. Káfíńtà tó ń kan àga ni tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá sílé wa wá tọrọ àbúrò mi, mo bi í léèrè ohun tó ní láyé. Ó ní òun ní ayùn kan àti ẹnu kan, òun fi ayùn wá oúnjẹ, òun á sì fi ẹnu bẹ àwa àna. Èmi tí mi ò kì í rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà, mo sì fún un ní àbúrò mi. Àwọn ọmọ iṣẹ́ sọ ọ́ ní Ọlọ́nà, nítorí ọnà tó ń gbẹ́ sí pákó tí a ń da kọnkéré lé. Ògiri tí mo bá dà, wọ́n á ní ó lágbára. Ògiri tó bá ti ọwọ́ Ọlọ́nà jáde, wọ́n á fọwọ́ pa á lára bí ẹni ń pa ẹṣin. Nígbà tí iṣẹ́ ilé ìkàwé ńlá dé, ayàwòrán ilé náà, obìnrin kan tó máa ń wọ bàtà òjò kódà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò bi mí ní nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́nà ló gbà lọ. Ó ní Ọlọ́nà ni kó máa pàṣẹ lórí gbogbo ògiri tó máa ní ọnà, kí èmi máa mójú tó epo, kéréènì àti ọ̀pá. Èmi tí mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di irin. Mo ní kò burú. Mo lọ sẹ́yìn ọkọ̀ símẹ́ńtì, mo fi ìkúùkù lu ara ọkọ̀ náà títí ẹ̀yìn ọwọ́ mi fi bó. Ìlara kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Nígbà tí mo máa fi mọ̀, ó ti ń bá mi jẹun nínú àwo kan náà.

Ògiri iwájú ilé ìkàwé yẹn ni gbogbo èèyàn ń retí. Ọlọ́nà gbẹ́ ewé sí i, ewé ńláńlá tí iṣan wọn hàn ketekete. A fọ́n epo tán, òjò rọ̀. Ọlọ́nà ní ká tún epo fọ́n. Mo ní kò sóhun tó ṣe é. Mo mọ̀ pé ó ti ṣí. Mo ti fi àtẹ́lẹ́sẹ̀ bàtà mi yẹ̀ ẹ́ wò, ilẹ̀ náà gbẹ, kò yọ̀ rárá. Ṣùgbọ́n òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, mi ò sì lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀ níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó wò mí, ó ní ẹ̀gbọ́n, tiyín ni epo, bí ẹ bá ti ní ó dáa, ó dáa náà nìyẹn. A da kọnkéré. Ọjọ́ tí kéréènì fẹ́ gbé e, ògiri kọ̀. Ọwọ́ mi nìkan ni awakọ̀ kéréènì gbọ́dọ̀ máa wò, ó sì ń wò ó. Mo ní kó fà á. Okùn irin bẹ̀rẹ̀ sí í han. Mo tún ní kó fà á. Ọlọ́nà ń ké pé kó dáwọ́ dúró, mo tún fi ọwọ́ sọ pé kó fà á. Lójijì ni ògiri náà ya kúrò nílẹ̀, ìdajì ewé lẹ̀ sílẹ̀ pẹ́kípẹ́kí, ìyókù fì sókè, igun rẹ̀ kan já bọ́, ó sì gé ìka ẹsẹ̀ ọkùnrin tó di okùn ìdarí mú. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dà sórí ewé kọnkéré tó kù nílẹ̀, ó wọ inú iṣan ewé náà, ó ń gba ibẹ̀ lọ bí omi nínú ojú gọ́tà. Wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ tán ni Ọlọ́nà wá dúró níwájú mi, níṣojú gbogbo wọn. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ yìí ti kọjá ti ilé ìkẹ́rù.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn mi. Mi ò yíjú wo ẹni náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rín yẹn wọ ihò etí mi, kò sì jáde.

A tún ògiri náà dà. Ọlọ́nà fọ́n epo fúnra rẹ̀. Ó dìde wẹ́rẹ́, gbogbo ewé hàn, àwọn ọmọ iṣẹ́ pàtẹ́wọ́, ayàwòrán ilé sì nu ojú rẹ̀. Ẹni tó de àwọn ọ̀pá ìgbéró rẹ̀ ni èèyàn jẹ́jẹ́ kan tí a ń pè ní Mádẹ̀, torí pé bó bá de bóòtì kan tán, á fọwọ́ gbá a jẹ́jẹ́, á ní, má dẹ̀ o, bí ẹni ń kìlọ̀ fún ọmọ tó ń lọ sójà. Mo dúró tì í bó ṣe ń ṣe é. Mo rí i tó de gbogbo wọn. Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gbogbo wọn lọ jẹun lábẹ́ àtíbàbà lẹ́yìn òkìtì iyanrìn. Ọlọ́nà nìkan ló kù nínú ilé ìkàwé náà, lẹ́yìn ògiri iwájú, lábẹ́ àwọn ọ̀pá, ó ń fi ìka ti símẹ́ńtì tútù bọ inú ihò tí ìkọ́ kéréènì fi sára ògiri. Mo lọ bá a. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní ikú lọ́kàn. Ṣùgbọ́n irin kúkúrú kan wà lọ́wọ́ mi, kí ni mo fẹ́ fi ṣe, kí n fi kí i ni? Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní òun ti bá ayàwòrán ilé sọ̀rọ̀, òun ti sọ fún un pé òun lòun ní ká má tún epo fọ́n, kí wọ́n má baà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀. Ìyàwó mi ní tí n bá tún fi yín ṣe yẹ̀yẹ́, òun ò ní se oúnjẹ fún mi mọ́, ẹ sì rí i bí mo ṣe rù tó.” Ó yíjú padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá bú mi ni, bóyá èébú náà á tó mi. Oore rẹ̀ ni mi ò lè gbé. Pé èmi á máa jẹun lórí irọ́ tó pa nítorí mi, pé àbúrò mi ti mọ̀, pé wọ́n ti jókòó nínú yàrá wọn, wọ́n ń ṣàánú mi. Mo gbé irin náà sókè, mo fi lù ú lẹ́yìn ọrùn. Ó kúnlẹ̀. Mo tún lù ú lẹ́yìn, mo gbọ́ tí nǹkan ṣẹ́ nínú rẹ̀, ó dún bí igi tútù. Ó dojú bolẹ̀, ó sì yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo rò pé ó ti kú. Mo dúró, mò ń wo ọwọ́ mi. Ó sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà mọ́.” Ohùn rẹ̀ tutù bí ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Kò bi mí pé kí ló dé. Ó rò pé nǹkan já lu òun látòkè ni. Ó ní kí n bá òun pe ìyàwó òun. Bí mo bá ké nígbà yẹn, àwọn tó ń jẹun á gbọ́, wọ́n á sì gbé e lọ sílé ìwòsàn, àbúrò mi ì bá sì ní ọkọ dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ orí àga ni yóò máa jókòó sí. Títí débẹ̀ ìbínú ni mo lè pè é. Ohun tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ìbínú. Mo ronú. Mo ronú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń ka àwòrán ilé, pé bó bá yè, á rántí, bó bá rántí, á sọ̀rọ̀. Mo mú sípánà tí Mádẹ̀ gbé kọ́ sára ọ̀pá, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtì ìdí àwọn ọ̀pá náà. Èyí àkọ́kọ́ kò gbọ́. Mádẹ̀ ti dè é bí ohun tí wọn ò ní tú mọ́ láéláé. Mo ní láti fi páìpù sọ ọwọ́ sípánà di gígùn kí ó tó yí. Mò ń làágùn, mò ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́, mo sì ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn tó ń jẹun. Ọlọ́nà ń wò mí. Ó rò pé mo fẹ́ yọ ọ̀pá láti fi ṣe ohun tí a ó fi gbé òun. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tú ìyẹn. Ògiri á wó lù yín.” Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Lù yín, ló wí. Kò sọ pé á wó lu òun. Òun tó wà nílẹ̀ tí kò lè gbé ẹsẹ̀, èmi ló ń bẹ̀rù fún. Mo gbọ́ ọ, mo sì ń tú u lọ. Èyí tó wà létí ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ ilé ni mo tú kẹ́yìn, mo sì fò gba ẹnu ọ̀nà náà jáde.

Ògiri náà ti fi díẹ̀ tẹ̀ sínú, bí a ṣe máa ń jẹ́ kó rí kó má baà wó sójú títì. Kò wó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìdí àwọn ọ̀pá bẹ̀rẹ̀ sí í ha ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà, mo rí i tí Ọlọ́nà gbójú kúrò lára mi, tó gbé e sókè. Ìgbà yẹn ló yé e. Ó pe orúkọ àbúrò mi lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe igbe, bí ẹni ń pe aya rẹ̀ láti yàrá kejì. Ògiri dé e lórí. Ilẹ̀ gbé mi sókè, eruku funfun bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tó rọlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan yọ síta lábẹ́ igun ògiri, símẹ́ńtì tútù ṣì wà lórí ìka rẹ̀.

Mo ti gba ẹ̀yìn yí ká kí wọ́n tó dé, mo bá wọn sáré wá bí ẹni tó ti òkèèrè bọ̀. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ ń fẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹnì kan ní afẹ́fẹ́ ni. Mo ní afẹ́fẹ́ kì í wó ohun tí wọ́n bá dè le, mo sì wo Mádẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ gbá a létí. Àbàrá kan ni mo gbá a. Àwọn tó kù ló parí ìyókù. Wọ́n fi pákó lù ú, wọ́n fi irin lù ú, ẹnì kan fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ̀ ẹ́ lójú, ojú òsì rẹ̀ sì fọ́ níbẹ̀. Ó ń ké pé òun dè é, òun dè é. Mo tẹ̀ síwájú, mo ní kí wọ́n dúró ná, wọ́n sì rò pé àánú ni. Mo bi í léèrè níṣojú gbogbo wọn, mo ní, “Ṣé o lè fi àwọn ọmọ rẹ búra pé o de èyí tó wà létí ẹnu ọ̀nà?” Ẹni tó ń de bóòtì láti òwúrọ̀ dalẹ́, ta ni yóò rántí ẹyọ kan? Ó ń wá a nínú orí rẹ̀, mo rí i tó ń wá a, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lójú rẹ̀, kò sì rí i. Mo fọ́ ojú kan fún un, mo tún wọ inú orí rẹ̀ lọ fọ́ èkejì. Àwọn ọlọ́pàá wo bóòtì náà, wọ́n ní kò kán, kò sì tẹ̀, ó túmọ̀ sí pé ẹni tó yẹ kó dè é kò dè é. Nígbà tó fi máa dé iwájú adájọ́, Mádẹ̀ fúnra rẹ̀ ló sọ pé, bóyá lóòótọ́ lòun ò dè é.

Wọ́n tún ògiri náà dà láìsí ewé. Èmi ni mo pàṣẹ lórí rẹ̀. Mádẹ̀ ṣe ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tán, ilé mi ló sì kọ́kọ́ yà sí. Ó ní kí n mú òun lọ bẹ àbúrò mi. Mo mú un lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lẹ́nu ọ̀nà, àbúrò mi bọ́ bàtà, ó fi lù ú lórí títí ọwọ́ fi ro ó, kò sì gbé orí sókè. Mo káwọ́ sẹ́yìn, mò ń wò wọ́n. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, àbúrò mi wá sunkún sí mi láyà, ó ní òun dúpẹ́ pé òun ṣì ní ẹ̀gbọ́n. Kò síbi iṣẹ́ tó tún gba Mádẹ̀ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ á rí i lójú ọ̀nà, wọ́n á gba òdìkejì. Nígbà tí àìsàn yìí dá mi dùbúlẹ̀, tí àwọn tí mo gbà síṣẹ́ kò yọjú mọ́, òun ló ń wá. Ó ní òun ti mú ẹnì kan kúrò nínú ẹbí mi, òun ò lè dá a padà, ó kù kí òun máa pọn omi fún mi. Bẹ́ẹ̀ ló ń wẹ̀ mí, bẹ́ẹ̀ ló ń bu oúnjẹ sí mi lẹ́nu. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fi kànìnkànìn fọ ẹ̀yìn mi, ó ní, “Ọ̀gá, mo ṣì máa ń dè é lójú àlá. Bí mo bá dè é tán tí mo padà wò ó, á ti dẹ̀.” Ó sọ ọ́ tẹ̀ríntẹ̀rín, bí ẹni ń sọ àìsàn kékeré. Mo ní kó gbé kànìnkànìn sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi méjèèjì dì mí lọ́rùn. Ọwọ́ tó fi ń de bóòtì kò tíì rọ. Ojú mi ṣú, mo gbọ́ tí ọ̀fun mi ń ró kéékèèké. Mi ò jà. Lójijì ló tú mi sílẹ̀, ó jókòó sórí omi tó dà sílẹ̀, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n lé. Ó ní, “Ṣé mo dè é?” Mo ní ó dè é. Ó ní, “Èyí tó wà létí ẹnu ọ̀nà ńkọ́?” Mo ní ìyẹn gan-an ló le jù, páìpù ni mo fi sọ ọwọ́ sípánà di gígùn kí n tó lè tú u. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó fọwọ́ bo ojú rẹ̀ tó fọ́, ó sunkún láti inú èyí tó kù. Láti ọjọ́ tí a ti mọra, ọ̀gá ló ń pè mí. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ bá mi sọ̀rọ̀ bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, “Dìde. O máa lọ sọ fún àbúrò rẹ. Bó o bá kú sójú ọ̀nà, màá gbé òkú ẹ débẹ̀, màá sọ ọ́ fúnra mi.” Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi, ó sì pọ̀n mí. Ẹni tí mo fọ́ lójú ló pọ̀n mí gba ìgboro kọjá bí ọmọ ọwọ́.

Àbúrò mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Mádẹ̀ gbé mi ka orí àga, mo sọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà yìí, láìfo ìkankan. Mo dé ibi tí ọkọ rẹ̀ ti pè é. Ó ní, “Ó pe orúkọ mi?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Ìwọ sì gbọ́?” Mo ní mo gbọ́. Ó mú sísọ́ọ̀sì orí tábìlì, ó gún mi léjìká, ó fà á yọ, ó tún gbé e sókè. Mádẹ̀ ló di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ó tó, kó má sọ ara rẹ̀ di èmi. Àbúrò mi yíjú sí i, ó wo ojú rẹ̀ tó fọ́ yẹn pẹ́. Sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ Mádẹ̀ mú, ó ń sọ pé, “Bàtà ni, mo fi bàtà lù yín.” Mádẹ̀ kò lè dúró kí ó kúnlẹ̀ fún òun. Òun náà wólẹ̀, ó ń ní kó dìde, ó ń ní kò burú, ìyá, kò burú. Àwọn méjèèjì wà nílẹ̀, wọ́n ń bẹ ara wọn. Èmi tí ẹ̀bẹ̀ jẹ́ tèmi ni mo jókòó sórí àga, tí mò ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi dìde, kò wojú mi mọ́. Ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ má kú sínú ilé mi.” Ó sì tún ẹ̀rọ rẹ̀ fà mọ́ra.

A gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ọ̀gá wọn gbọ́ mi tán, ó wo ẹ̀jẹ̀ èjìká mi, ó gbọ́ bí àyà mi ṣe ń hó, ó ní kí wọ́n gbé mi padà sílé, àwọn á wá mú mi. Mò ń retí wọn. Bí wọ́n bá dé kí ikú tó dé, màá bá wọn lọ. Mi ò bẹ àbúrò mi pé kó dárí jì mí. Ẹ̀bẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìyà mìíràn ni ì bá jẹ́ fún un. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wà nídìí iṣẹ́ yìí lónìí, tí ẹ ń da ògiri tó rẹwà ju èyí tí ojú wa rí, mi ò ní kìlọ̀ fún yín nípa epo àti bóòtì, wọ́n ti kọ́ yín ní ìyẹn. Bí ẹni tí o kọ́ níṣẹ́ bá mọ̀ ọ́n jù ọ́, tí ọkàn rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, ju ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ sílẹ̀, kí o sì rìn kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Má dúró gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ̀bẹ̀ tí mo ní, ẹ̀yin tí a jọ ṣiṣẹ́ nílé ìkàwé yẹn ni mo fẹ́ bẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ lu Mádẹ̀ nítorí pé mo wò ó, tí ẹ ṣì ń gba òdìkejì títì di òní. Ẹ máa rí ọkùnrin olójú kan tó ń bọ̀ lọ́nà, tó ń tẹ orí ba. Kò pa ẹnikẹ́ni rí. Ẹ má dúró dìgbà tó bá kí yín. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ kí i.